Títún orúkọ igi ṣe nínú Flora of West Tropical Africa: ibi tí mo bá a dé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fọkàn sí. Oṣù karùn-ún nìyí. Iṣẹ́ náà dùn ún sọ lẹ́nu: kí n mú orúkọ àwọn igi inú Flora of West Tropical Africa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n kọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè wọ́n lónìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n sì tún wọn tò sábẹ́ ẹbí tí wọ́n wà báyìí. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé mo ti tú iṣẹ́ ọwọ́ mi palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì fẹ́ tú u lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ẹlòmíràn bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ níwájú, ó lè ti ibi tí mo ti ṣubú mọ ọ̀nà.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìwé náà: J. Hutchinson àti J. M. Dalziel ló kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́, láàrin 1927 sí 1936. R. W. J. Keay ló tún ìdìpọ̀ kìíní ṣe, apá kan jáde ní 1954, èkejì ní 1958. F. N. Hepper ló tún ìdìpọ̀ kejì ṣe ní 1963, ó sì ṣe ìkẹta ní apá méjì, 1968 àti 1972. Ilẹ̀ tó kárí bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Senegal títí dé adágún Chad, ó tún na ọwọ́ dé erékùṣù Fernando Po. Ẹ̀dà kejì ni mo ń tún ṣe. Igi ńlá àti igi kékeré nìkan ni mo mú. N kò fọwọ́ kan koríko, ẹni tó bá láyà kó lọ bá wọn.

Kí ló dé tí n kò kúkú pa ìwé náà tì? Kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ inú rẹ̀ ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn. Bí mo bá mú ẹ̀ka kan tó ní ewé àti òdòdó dání, tí mo tẹ̀ lé àwọn ìbéèrè rẹ̀ (ṣé ewé méjì kọjú síra ni àbí ọ̀kan ń tẹ̀ lé ọ̀kan, ṣé oje funfun ń jáde, ṣé irun wà lábẹ́ ewé), mo máa ń dé ibi tó yẹ kí n dé. Orúkọ tí mo ń bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ti gbó.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dà rú: “ẹbí” ni mo ń pe àwùjọ ńlá, “ìran” ni èyí tó tẹ̀ lé e, “ẹ̀yà” sì ni igi fúnra rẹ̀. Nínú Milicia excelsa, Milicia ni ìran, excelsa ló ń tọ́ka ẹ̀yà.

Oṣù kìíní: láti àwòrán di ọ̀rọ̀

Mo ya àwòrán àwọn ojú-ìwé, mo sì fi sọ́fítíwíà tó ń ka lẹ́tà kà wọ́n. Lẹ́tà ìwé náà kéré, tádàá rẹ̀ sì ti ṣá láwọn ibì kan. Vernonia di Vemonia, nítorí r àti n tó fara kan ara wọn dà bí m lójú ẹ̀rọ. Garcinia di Gareinia. Ìyẹn kò ṣòro: orúkọ tí kò sí láyé kì í pẹ́ fara hàn. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú OpenRefine, sọ́fítíwíà tí a fi ń tún àkójọ ọ̀rọ̀ ṣe, ó to àwọn tó jọ ara wọn jọ, mo sì fi ọwọ́ tún wọn ṣe.

Orúkọ àwọn tó sọ igi lórúkọ ló gba àkókò mi. Lẹ́yìn orúkọ igi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ ẹni tó sọ ọ́, ní ìgékúrú. Ìwé àtijọ́ kọ “Del.”, àkójọ orúkọ ewéko òde òní tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ “Delile”. Ìwé kọ “Hutch. & Dalz.”, àkójọ kọ “Hutch. & Dalziel”. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n gé wọn sọnù, kí orúkọ igi nìkan kù. Mo dúpẹ́ pé n kò ṣe é. Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé ènìyàn méjì, tí ẹnì kan kò mọ̀ nípa ẹnì kejì, fún igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní orúkọ kan náà gẹ́lẹ́. Orúkọ ẹni tó sọ ọ́ nìkan ló lè yà wọ́n.

Oṣù kejì: àṣẹ kan ṣoṣo tó ba nǹkan jẹ́

Àṣìṣe tó ń tì mí lójú jù nìyí. Mo kọ àṣẹ kan fún kọ̀ǹpútà: níbikíbi tí o bá ti rí Acacia, fi Vachellia rọ́pò rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo lọ sùn.

Ohun tí mo gbọ́ ní ààbọ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́. Ní 2005, ìpàdé àwọn onímọ̀ ewéko ní Vienna pinnu pé igi Australia ni kí orúkọ Acacia máa tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ orí igi ilẹ̀ Áfíríkà ló ti jókòó látilẹ̀. Ìpàdé Melbourne ní 2011 kò yí i padà. Àwọn igi Áfíríkà bá ní láti wá orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ kan náà fún gbogbo wọn. Àwọn tó ní ẹ̀gún méjì-méjì tó nà gbọọrọ ní ìdí ewé lọ sí Vachellia: Acacia nilotica di Vachellia nilotica. Àwọn tí ẹ̀gún wọn ká bí èékánná ológbò lọ sí Senegalia: Acacia senegal di Senegalia senegal. Lẹ́yìn náà ni Acacia albida, tí ẹ̀gún tirẹ̀ nà gbọọrọ bíi ti Vachellia, àmọ́ tó ń wọ́wé nígbà òjò, tó ń rúwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ẹni tó ń bá gbogbo igi yòókù ṣọ̀tẹ̀. Òun dá wà nínú ìran tirẹ̀, Faidherbia albida.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti di Vachellia nínú fáìlì mi. N kò sì tọ́jú ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tú iṣẹ́ palẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí ìwé kọ wà nínú òpó tirẹ̀, mo sì ti òpó yẹn pa. Kò sí àṣẹ tó lè fọwọ́ kàn án.

Mo wá kọ àṣẹ tó gbọ́n díẹ̀: bí ìran bá yí padà, wá orúkọ ẹ̀yà kan náà lábẹ́ ìran tuntun. Ó bá ìrókò mu láìsí wàhálà. Ìwé pè é ní Chlorophora excelsa, C. C. Berg gbé e lọ sí Milicia ní 1982. Excelsa dúró bó ṣe wà. Inú mi dùn. Ẹ̀gbẹ̀sì ló kọ́kọ́ kọ̀ mí lọ́nà. Nauclea latifolia ni ìwé kọ, kọ̀ǹpútà ní òun kò rí Sarcocephalus latifolia níbì kankan. Òótọ́ ló sọ. Sarcocephalus latifolius ló ń jẹ́. Èdè Látìn ń ya ọ̀rọ̀ sí akọ, abo àti èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo, orúkọ ẹ̀yà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe sì gbọ́dọ̀ bá ìran rẹ̀ ṣe. Nauclea jẹ́ abo, Sarcocephalus jẹ́ akọ. Ewúro ṣe bẹ́ẹ̀ náà: Vernonia amygdalina di Gymnanthemum amygdalinum. Àyìn, tí ìwé pè ní Anogeissus leiocarpus, wọ inú Terminalia, ó di Terminalia leiocarpa. Èmi tí mo ń ronú ní èdè tí “ó” kan ṣoṣo tó fún ọkùnrin, obìnrin àti àga, n kò rò ó sí rárá.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí àṣẹ náà gé ìparí ọ̀rọ̀ (us, a, um) kó tó fi wé ara. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìparí ló ń yí. Igi àta, Fagara zanthoxyloides nínú ìwé, di Zanthoxylum zanthoxyloides, “oides” kò mira. Òpèpè, Nauclea diderrichii, orúkọ ènìyàn ló wà lára rẹ̀, ìyẹn kì í bá ìran yí. Òpèpè tilẹ̀ dúró sí Nauclea nígbà tí ẹ̀gbẹ̀sì kó jáde, ìyẹn ni pé àwọn méjì tó wà nínú ìran kan náà nínú ìwé mi ti ya ilé báyìí.

Àwọn ẹbí

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Níbí, ọmọ ló dúró, ilé ló ń kó kiri.

Ìlànà tí Hutchinson fúnra rẹ̀ là kalẹ̀ ni wọ́n fi to ẹbí inú ìwé náà, ohun tí ojú rí lára òdòdó, èso àti igi ló sì gbára lé. Láti 1998 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní APG ti ń fi DNA to ẹbí ewéko olódòdó. Wọ́n tún un ṣe ní 2003, 2009 àti 2016. Èyí tó kẹ́yìn ní ẹbí 416. Òun ni mo tẹ̀ lé.

Apá yìí ló yá jù, nítorí ẹbí tó yí kò ní kí orúkọ igi yí. Àràbà (Ceiba pentandra) àti osè (Adansonia digitata) wà ní Bombacaceae nínú ìwé; arère (Triplochiton scleroxylon) àti obì wà ní Sterculiaceae. Gbogbo wọn ti wọ Malvaceae, láìsí lẹ́tà kan tó yí nínú orúkọ wọn. Flacourtiaceae ní tirẹ̀ túká pátápátá: Oncoba spinosa lọ sí Salicaceae, Caloncoba lọ sí Achariaceae. Celtis kúrò ní Ulmaceae, ó di ará ilé igbó, ìyẹn igbó tí ọlọ́pàá ń wá kiri, ní Cannabaceae. Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ síwájú.

Àwọn elérèé ló gba ìjókòó. Ẹbí mẹ́ta ni ìwé pín wọn sí: Caesalpiniaceae, Mimosaceae, Papilionaceae. Ẹbí kan ṣoṣo ni wọ́n báyìí, Fabaceae, tí òfin sì gbà kí a tún máa pè ní Leguminosae. Ẹ̀ka mẹ́fà ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ 2017 pín ẹbí náà sí. Ẹni tó bá rò pé ẹbí mẹ́ta àtijọ́ kàn di ẹ̀ka mẹ́ta yóò ṣìnà bí mo ti ṣìnà. Àwọn Mimosaceae ìgbà yẹn ti wọ inú Caesalpinioideae, nígbà tí apá (Afzelia africana) àti ìyá (Daniellia oliveri), tí ìwé kà mọ́ Caesalpiniaceae, jáde lọ sí Detarioideae. Èyí ni ìgbà kejì tí mo tú iṣẹ́ palẹ̀. Kò dùn mí tó ti àkọ́kọ́, nítorí òpó tí mo tì pa ti wà.

Oṣù kẹta àti apá kan ìkẹrin: igi irú

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, kọ̀ǹpútà lè ṣe é bí a bá kọ́ ọ dáadáa. Igi irú ló fi hàn mí pé iṣẹ́ tí mo rò pé mo ń ṣe kọ́ ni mo ń ṣe.

Nínú àwọn ìwé ìgbà ẹ̀dà àkọ́kọ́, Parkia filicoidea ni wọ́n ń pe igi irú inú ọ̀dàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Keay wò ó, ó ní kì í ṣe òun, ó sì fún un ní orúkọ tuntun ní 1955: Parkia clappertoniana. Orúkọ yẹn ló wọ ẹ̀dà kejì, tí Parkia biglobosa sì dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Ní 1983, H. C. Hopkins yẹ gbogbo Parkia Áfíríkà wò, ó ní clappertoniana àti biglobosa kò yàtọ̀ síra tó láti jẹ́ méjì. Biglobosa ló dàgbà jù, biglobosa ló jókòó.

Ti ẹ̀dà kejì rọrùn: clappertoniana, wo biglobosa. Àmọ́ mo tún ń fa ìlà láti ẹ̀dà àkọ́kọ́ wá, kí ẹni tó ní ìwé tó gbó jùyẹn lọ náà lè rí ojú ọ̀nà. Mo fi Parkia filicoidea bi àkójọ orúkọ léèrè. Ó dáhùn wéré: orúkọ tó dára, orúkọ tí a gbà, kò sí àtúnṣe. Kọ̀ǹpútà fi àmì àwọ̀ ewé sí i.

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Parkia filicoidea wà lóòótọ́. Igi inú igbó ni, ààrin àti ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ó ti pọ̀ jù. Igi irú inú ọ̀dàn kọ́ ni. Àkójọ náà mọ ohun tí orúkọ náà jẹ́; kò mọ ohun tí ẹni tó kọ ìwé ní lọ́kàn nígbà tó lò ó. Bí n kò bá mọ ìtàn Keay tẹ́lẹ̀, ìlà yẹn ì bá kọjá pẹ̀lú àmì àwọ̀ ewé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè mọ́. Ìlà tó ní àmì pupa kò bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ náà. Àwọn tó ní àmì àwọ̀ ewé ni mo padà lọ yẹ̀ wò.

Kí ni mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò? Ohun kan wà tí àwọn tó kọ ìwé náà ṣe dáadáa: lábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó já ẹ̀ka rẹ̀ àti nọ́ńbà tó fún un. Nọ́ńbà tó ní FHI níwájú jẹ́ ti ilé ìpamọ́ ewéko gbígbẹ ti ẹ̀ka igbó ní Ìbàdàn. Ẹ̀ka kan náà sábà máa ń ní ìbejì ní Kew, ọgbà ìmọ̀ ewéko tó wà ní London. Ewé náà ṣì wà, gbígbẹ, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, àwọn tó sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìgbà náà lẹ bébà pélébé kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n rò pé ó tọ́ àti ọdún. Púpọ̀ nínú páálí wọ̀nyí ti ní àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà n kò bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ mọ́. Láti inú ìwé, mo ń lọ sí nọ́ńbà. Láti nọ́ńbà, sí páálí. Láti páálí, sí bébà pélébé tó kẹ́yìn. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni mo ń gbé lọ bá àkójọ.

Ó ń falẹ̀. Ọjọ́ mìíràn, igi mẹ́rin péré. Láwọn ìgbà kan, ẹ̀ka márùn-ún tí ìwé kó sábẹ́ orúkọ kan a pín sọ́nà méjì, mẹ́ta síbí, méjì sọ́hùn-ún. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò lè ní orúkọ tuntun kan. Mo ń là á sí méjì, mo sì ń kọ nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí n kò fi orúkọ Yorùbá ṣe òpó, ṣebí ìrókò kò yí padà láti Chlorophora dé Milicia. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ìwé Dalziel tó jáde ní 1937 lórí ewéko tó wúlò kún fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ayùnré kan ṣoṣo ń kó Albizia bíi mélòó kan pọ̀, igi kan sì lè ní orúkọ mẹ́ta láti ìlú dé ìlú. Mo fi í sí òpó àlàyé, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ kò lè di ìlà mú.

Orúkọ ilẹ̀

N kò kà èyí mọ́ iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀. Ìdìpọ̀ 1954 kọ Gold Coast, ìdìpọ̀ 1963 kọ Ghana. Dahomey di Benin ní 1975, Upper Volta di Burkina Faso ní 1984, Fernando Po di Bioko. Ìyẹn kàn jẹ́ ìyípadà orúkọ. “Br. Cam.” ló le, Cameroons tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1961 àwọn ará ibẹ̀ dìbò, apá àríwá dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà, apá gúúsù dara pọ̀ mọ́ Cameroun. Ẹ̀ka tí wọ́n já ní Mambilla ti di ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n já ní Bamenda ti di ti Cameroun, bẹ́ẹ̀ “Br. Cam.” kan náà ni ìwé kọ sí méjèèjì. Ọwọ́ ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàpù.

Ibi tí mo wà báyìí

Àwọn àkójọ kì í fohùn ṣọ̀kan nígbà gbogbo. Mo kọ́kọ́ fi The Plant List ṣiṣẹ́ nítorí pé fáìlì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. Kò tíì pẹ́ tí mo rí i pé 2013 ni wọ́n ti dá a dúró, tí World Flora Online sì gba ipò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìyẹn ń tún orúkọ rẹ̀ gbé jáde. Mo ń wo Plants of the World Online ti Kew pẹ̀lú, àti African Plant Database ti Geneva. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, mo gbà. Bí wọn kò bá bára mu, mo ń kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ àti ọjọ́ tí mo bi í.

Àbùrà ló wà lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí. Ìwé pè é ní Mitragyna stipulosa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un jáde lọ sí ìran tuntun kan, Hallea. Wọ́n wá rí i pé ẹlòmíràn ti fi orúkọ Hallea pe ewéko àtayébáyé kan tó ti di òkúta, òfin kò sì gbà kí méjì jẹ́ ẹ, ni wọ́n fi pè é ní Fleroya ní 2007. Ìgbà tó yá, àwọn tó yẹ DNA rẹ̀ wò ní kí ó padà sí Mitragyna. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan ìwé láti 1963 ni ìbá tọ̀nà jù nínú gbogbo wa.

Mo ti fẹ́ kọ “kò sí ìyípadà” sí gbogbo àbùrà, kí n sì pa fáìlì náà dé, ni mo wo èkejì rẹ̀, Mitragyna ciliata. Òun kò padà bó ṣe lọ: wọ́n ti rí orúkọ tó dàgbà jù ú lọ, Mitragyna ledermannii ló ń jẹ́ báyìí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ku àwọn nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ láti tọ dé orí páálí, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ “Br. Cam.”